Òde àríyá náà, kọ́ńsáàtì ni

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè kọ́ńsáàtì tí mo kọ́kọ́ lọ láyé mi, òde òkú àgbà kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ni mo máa dárúkọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ orin l'Ékòó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, kọ́ńsáàtì gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì, iná aláràbarà, géńdé ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àti olórin tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí pátákó gàgàrà létí títì. Òde àríyá ní tirẹ̀, ibi tí èèyàn ti ń jẹ ìrẹsì ni, olórin kàn wà níbẹ̀ láti máa fi orin tọrọ owó ni. Èmi ò gbà. Mo ti lù nínú gbọ̀ngàn, mo ti lù ní pápá gbalasa lóṣù Disẹ́ńbà, mo sì ti lù lábẹ́ kánópì láàárín títì. Abẹ́ kánópì yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí mò ń sọ jù.

Gángan ni mo ń lù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí ó ṣeé ṣe kí onígìtá ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà òde Òkè-Àdó yẹn. Wọ́n ti dí títì láti ọ̀sán, wọ́n ta kánópì láti ẹnu ọ̀nà ilé olókùú títí dé ìkóríta, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé. Báńdì jùjú ni wọ́n pè. Mi ò rántí orin kan ṣoṣo tí olórin náà kọ lóru ọjọ́ náà. Baba onígángan rẹ̀ ni mo rántí. Ó rí ìyá àgbà kan tó ń kọjá lọ jókòó, ó sì fi ìlù kí i. Ìyá náà dúró. Ó ní, "Onílù, èmi kọ́ lo kì yẹn o, àbúrò mi nìyẹn." Baba rẹ́rìn-ín, ó yí ìlù padà. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ìdílé wọn sílẹ̀ fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni baba ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ìlù sọ ọ́ padà. Olórin sún kúrò nídìí maìkì. Gìtá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́, àkúbà rọra ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ìyá dìde, àwọn ọmọ ọmọ dìde, wọ́n yí i ká. Owó ń já bọ́, àmọ́ owó kọ́ ni mò ń wò. Àgbàlagbà méjì ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ọ̀kan ń fẹnu sọ, èkejì ń fi igi àti awọ sọ, gbogbo wa sì ń gbọ́ wọn. Ọjọ́ náà ni mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ kọ́ ìlù. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ ìsọdipúpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé idán ni. Nínú báńdì, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rìn láàárín àlejò, kí ó máa tẹ́tí: ta ni àna olóde, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, ìlú wo ni ìyá rẹ̀ ti wá, kí ni oríkì rẹ̀, ṣé Àjàní ni àbí Àkànní. Yóò yọ́ wá sọ ọ́ sí ọ̀gá létí, ọ̀gá á gbé e sórin, onígángan á sì gbé e sílù kí ọkùnrin náà tó jókòó. Ìlù kì í pe ọ̀rọ̀ bí ẹnu ṣe ń pè é. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbé jáde, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló sì ní ohùn kan náà. Ẹ bi àwọn àgbà Ìbàdàn nípa ìlù tí rédíò fi ń ṣí ètò rẹ̀ láyé ọjọ́sí. Rédíò ní orúkọ ara òun ni òun ń fi ìlù pè, àwọn aráàlú ní àwọn ò gbọ́ bẹ́ẹ̀, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" ni àwọn gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí onígángan fi nílò olùgbọ́ ju olórin yòókù lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀ fún un. Bí o bá lu oríkì láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ariwo lásán lo ń pa. Lóde òkú, àwọn tó mọ̀ ọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì máa ń bá ọ jiyàn tí o bá ṣì í lù. Níbo ni ẹ tún ti rí kọ́ńsáàtì tí olùgbọ́ ti lè dá onílù dúró, kó ní kó tún un sọ?

Mi ò kì í ṣe ọmọ Àyàn. Bàbá mi ń ránṣọ, bàbá tó bí bàbá mi ṣàgbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ni ọmọ Àyàn, ìdílé onílù láti ayébáyé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Bí ó ti pẹ́ tó tí mo fi ń gbé báàgì, tí mò ń tún osán, okùn awọ ara ìlù, dì, tí mò ń lu omele, ìlù kékeré, lẹ́yìn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan gángan lóde. Iṣẹ́ tó ń fún mi jọ mí lójú: ó lè ní kí n lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń dín àkàrà ní Bẹẹrẹ, kí n máa fẹnu lu ohùn ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ìyá náà rò pé orí mi ti dà rú. Wọ́n sì máa ń fún mi ní àkàrà.

Òun náà ló kọ́ mi pé ojú ọjọ́ ni olúwa gángan. Awọ ewúrẹ́ ni ojú ìlù, òjò á mú kí ó dẹ̀, ọ̀yẹ́ á mú kí ó le, ohùn rẹ̀ á sì lọ sókè. Lásìkò òjò, a máa ń yá ìlù nídìí iná tàbí nínú oòrùn kí a tó jáde. Ní etí òkun l'Ékòó, tí ìrì bá ti sẹ̀ díẹ̀, gbólóhùn tí o fi ìgbọ̀nwọ́ fún jáde láàárọ̀ kò ní jáde mọ́ lóru, àfi kí o fún osán pa. Mi ò tíì rí olùṣètò eré kan tó béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ni ìrì máa ṣe fún ìlù mi. Ti kéébù àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ MUSON Centre ní Oníkàn, mo wá gbọ́ orin ni. Ẹgbẹ́ tó ni ibẹ̀, 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ orin tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń rí tó ń fọn fèrè tàbí tó ń ta dùùrù káàkiri Èkó. Àwọn olókùn fayolín ni wọ́n wà lórí ìtàgé. Wọ́n ta African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944. Ṣówándé yìí, ẹni tó ń ta ọ́gáànù nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó sì tún ń ta dùùrù nílé ijó ní London, kò tijú àtimú orin háíláìfù wọnú gbọ̀ngàn: orí orin háíláìfù ni ó kọ́ Akinla, apá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká. Ìyàwó rẹ̀ gbá a nítan. Ó dákẹ́ ara. Orin ijó ń lọ, gbogbo wa jókòó gbagidi, a ń dúró kí ó parí ká tó pàtẹ́wọ́. Orin náà dùn kọjá àlà, mo fẹ́ràn kí n gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan láìsí jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n àánú baba yẹn ṣe mí.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ akọrin kan pè mí wá lu gángan níbi eré Kérésì wọn, nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ láti àárọ̀. Atẹ́gùn tútù yẹn gbẹ awọ ìlù mi bíi ti ọ̀yẹ́, ohùn rẹ̀ ga sókè ju ti akọrin lọ, mo sì ní láti máa dẹ osán láàárín orin. Mo béèrè lọ́wọ́ olùdarí pé kí ni wọ́n fẹ́ kí gángan sọ. Ó wò mí títí, ó ní kí n ṣáà lù ú kó dùn. Mo bá fi ìlù ki Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń kì í nílé wa: Ọba tí ń jẹ́ Èmi Ni, Arúgbó ọjọ́, Alèwílèṣe. Baba arúgbó kan ní ìlà kejì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní "Hẹ̀ẹ́ẹ̀!" Àwọn tó yí i ká bojú wò ó bí ẹni pé ó sín sínú oúnjẹ. Òun nìkan ló gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, èmi náà kò sì mójú kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí eré fi parí.

Shrine ní tirẹ̀, ilé orin ìdílé Kútì ní Agídíngbí, kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè wá gbọ́ ìdánrawò gẹ́gẹ́ bí eré gidi: Fẹ́mi Kútì ti pẹ́ tó ti ń ṣílẹ̀kùn ìdánrawò rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. O máa rí i tó dá báńdì dúró, tó ní kí àwọn onífèrè tún ibì kan fọn, àwọn èrò á máa mu bíà wọn lọ, wọ́n á sì máa fi etí sí àtúnṣe náà. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ eré tí mo sanwó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó, tó bá ti gba orin kan sínú àwo tán, kì í fẹ́ kọ ọ́ fún èrò mọ́. Orin tí kò tíì jáde ni wọ́n ń lọ gbọ́ ní Shrine nígbà ayé rẹ̀. Ẹ fi wé ti òde òní, tó jẹ́ pé bí olórin bá fi ohùn kan yí orin rẹ̀ padà díẹ̀, àwọn èrò á ní ó ti bà á jẹ́.

Ó wá ku Disẹ́ńbà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Detty December báyìí, tí àwọn ọmọ wa láti London àti Amẹ́ríkà ń wọ́ wálé sí. Mi ò bínú sí ayẹyẹ náà. Owó wà níbẹ̀, mo sì ti jẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí láti ẹ̀yìn ìtàgé. Wọ́n á kọ aago méje alẹ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Olórin tí èèyàn torí rẹ̀ wá á dé láago mẹ́ta òru, á kọrin bíi wákàtí kan, á lọ. Kí ó tó dé, ọmọ báńdì ti sùn, ti jí, ti tún sùn lórí àpótí sípíkà. Nígbà tó bá sì gun orí ìtàgé, orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń gbé, ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń pariwo lé e lórí ni. Playback ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan ń kó báńdì tó péye wá, inú mi máa ń dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kéré.

Ní ọ̀kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n pè wá ní onígángan bíi mélòó kan. Wọ́n rán aṣọ òkè fún wa, fìlà rẹ̀ bá a mu. A dé síbẹ̀ lọ́sàn-án láti dán sáùǹdì wò, kò sí maìkì fún ìlù kankan. Mo béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ìtàgé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, gángan ti wà nínú tíráàkì." Gángan ti wà nínú ẹ̀rọ! Iṣẹ́ tiwa ni ká jó wọlé, ká máa gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè sódò, kí kámẹ́rà rí wa. A jó wọlé. Mo lu ìlù mi tọkàntọkàn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, títí kan èmi tó gbé e sábíyá. Ẹni tó lu ti inú ẹ̀rọ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ń kí ẹlòmíì tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jùjú l'Ékòó, láàárín 1930 sí 1939, kò sí gángan nínú rẹ̀. Ìlù yẹn yóò bo gìtá àti ohùn èèyàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní nǹkan bí 1948, ni gángan ráyè wọlé, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn àti gìtá sókè ti dé. Nígbà tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún I.K. Dáíró, olórin jùjú, ní oyè MBE ní 1963, gángan ti di ọmọ onílé nínú jùjú. Ẹ̀rọ ló ṣílẹ̀kùn fún un nígbà náà, ẹ̀rọ kan náà ló tún ń tì í síta báyìí.

Ibi tí a ti lè máa lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pàápàá ti dín kù. Láyé àwọn bàbá wa, Ebenezer Obey ní ilé ijó Miliki Spot tirẹ̀, Sunny Adé ní ilé ijó Ariya ní Jíbówú, èèyàn mọ ibi tí òun ti lè bá wọn. Etíkun Landmark, tí ọ̀pọ̀ eré ti ń wáyé, ìjọba ti wó púpọ̀ nínú rẹ̀ láti 2024 nítorí ọ̀nà tó ń lọ láti Èkó sí Calabar. Òde àríyá ló ṣẹ́kù tó ń gbà wá lálejò ní gbogbo Sátidé.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú wa. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lóde, wọ́n ń náwó. Nǹkan kan náà ni lójú tèmi. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa fọ́n náírà tàbí kí ó jó lé e lórí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ l'Ékòó sọ Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹrin 2024 nítorí náírà tó fọ́n ni ojú wá là, láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn àlejò ti ń gbọ̀n. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ náírà mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń yìn òfin náà kò mọ̀ ni pé owó tí wọ́n fi gba báńdì, ọ̀gá ló ni ín: ọkọ̀, epo, aṣọ, ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ lóde ni a ń pín. Ní báyìí, àlejò á yọ fóònù, á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá, á sì jó padà lọ jókòó. Ọ̀gá nìkan ló ń rí alẹ́ẹ̀tì. Onígángan tó ki bàbá rẹ̀ dé ìran kẹrin kò rí nǹkan kan.

Mi ò sọ pé òde kò ní àbùkù. Ọmọ báńdì ló ń jẹun kẹ́yìn, ìgbà mìíràn ó jẹ́ omi ọbẹ̀ nìkan. Ọ̀mùtí á gba maìkì. Wọ́n sì máa ń fẹ́ ká yin ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ bí ó ṣe rí owó rẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀ràn yẹn, gángan gbọ́n ju olórin lọ. Olórin gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, onígángan lè lu gbólóhùn kan tó ní ìtumọ̀ méjì. Mo ti rí ọ̀gá mi tó ń lu ohun kan fún ọlọ́lá kan, ọkùnrin náà ń jó, ó ń tẹ́wọ́, àwọn ìyá tó wà ní ẹ̀yìn kánópì sì ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ èyí tí òun kò gbọ́. Nígbà tí mo béèrè ohun tó lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní oríkì ni.

Disẹ́ńbà tún ti ń bọ̀, àwọn olùṣètò sì ti ń pè mí. Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀: maìkì fún gángan, kí wọ́n sì ṣí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀rọ á dákẹ́ kí n lè bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, owó mi kí n tó gun orí ìtàgé. Èyí tó pè láná ní kò sáyè fún ti maìkì, pé aṣọ òkè ti wà nílẹ̀, kí n kàn wá wọ̀ ọ́ kí n gbé ìlù. Mo ní mo mọ àwọn ọmọkùnrin kan tó ń wọ aṣọ fún àwọn aránṣọ ya fọ́tò, wọ́n ga jù mí lọ, wọ́n sì lẹ́wà. Mo ti fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí i.